Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù: abẹ́rẹ́ ara ehoro ni tàbí basiliximab, fún àbúrò mi?

Ẹ̀gbọ́n_Olùfúnni

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, gbogbo ilé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n yọ kíndìnrín kan lára mi, kí wọ́n sì gbé e sínú àbúrò mi ọkùnrin. Ẹni ọdún 41 ni mí, òun jẹ́ ẹni ọdún 34. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo ti jókòó tì í níbẹ̀ débi pé mo mọ bí ẹ̀rọ yẹn ṣe máa ń ké tí rọ́bà ẹ̀jẹ̀ bá ká kò.

Ọ̀bẹ kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá wa sọ lọ́jọ́ Ajé ni mo gbé wá síbí. Ó ní yàtọ̀ sí oògùn oníhóró tí àbúrò mi yóò máa lò títí, wọn yóò kọ́kọ́ fún un ní oògùn áńtíbọ́dì kan (áńtíbọ́dì ni èròjà tí ara fi ń bá àjèjì jà) ní àsìkò iṣẹ́ abẹ, kí àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ má baà dìde sí kíndìnrín mi bó ṣe ń wọlé. Oríṣi méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan ń jẹ́ basiliximab. Èkejì, ara ehoro ni wọ́n ti ń rí i, orúkọ rẹ̀ sì gùn: antithymocyte globulin. Ó ní àwọn yóò pinnu lọ́jọ́ ìpàdé wa tó ń bọ̀, pé kí a kọ ìbéèrè wa sílẹ̀ ká mú un dání.

Àbúrò mi kì í béèrè ìbéèrè. Tí dókítà bá ti ní "Ṣé ó yé ẹ?", orí ló máa ń mì. Èmi ni mo wá di akọ̀wé.

Ohun tí mo mọ̀ nípa àyẹ̀wò rẹ̀ nìyí. Irú ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Nínú àmì HLA mẹ́fà (àmì ojú sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí àjèjì) tí wọ́n fi wé ara wọn, mẹ́ta ló dọ́gba. Wọ́n po omi ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì tèmi, wọ́n ní kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà márùn-ún láti ìgbà tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rí i pé dókítà fa ìlà sábẹ́ èyí nínú fáìlì.

Èwo ló lágbára jù nínú méjèèjì, ṣé kí n sì takú pé òun ni mo fẹ́? Ṣé ohun tó ti ara ehoro wá kò ní dá wàhálà mìíràn sílẹ̀? Tó bá sì gba áńtíbọ́dì yìí, ṣé oògùn oníhóró rẹ̀ máa dínkù? Obìnrin kan tí wọ́n jọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ sọ fún wa pé omi kan wà tí wọ́n ń fà síni lára lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pé ẹni tó bá ń gba ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ tacrolimus, ọ̀kan lára oògùn oníhóró tí wọ́n ń lò títí. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ ikùn mi náà. Bí ara rẹ̀ bá kọ kíndìnrín yìí, mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́ ló kọ̀ mí. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ oorun ò kùn mí mọ́ nítorí rẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Ẹ kú ìfẹ́ àbúrò, ẹ sì kú ọkàn akin. Ọdún kẹrìnlá mi rèé ní wọ́ọ̀dù tí a ti ń tọ́jú àwọn tó pààrọ̀ kíndìnrín. Mi ò lè yan oògùn fún yín láti ibí, ṣùgbọ́n mo lè ṣàlàyé ohun tí oògùn kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi wọ́n.

Nínú àwọn ọmọ ogun ara, àwọn tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ló máa ń kọ́kọ́ dá àjèjì mọ̀. Tí ọ̀kan bá ti rí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín yín tó sì mọ̀ pé kì í ṣe ará ilé, yóò ké sí àwọn yòókù. Ohun tó fi ń ké ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-2. Àwọn tó ti jí nínú wọn yóò hu etí tí wọ́n fi ń gbọ́ igbe náà, apá kan lára etí yẹn ló ń jẹ́ CD25. Ibẹ̀ gan-an ni basiliximab ti ń ṣiṣẹ́: ó máa ń lọ dì mọ́ etí yẹn pa. Kì í pa ọmọ ogun kankan. Igbe ń lọ, wọn ò gbọ́, wọn ò sì pọ̀ sí i. Mílígíráàmù 20 ni à ń fún àgbàlagbà, láàárín wákàtí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, a ó tún fún un ní 20 mìíràn lọ́jọ́ kẹrin. Ó parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ti ehoro yàtọ̀. Wọ́n máa ń gún ehoro ní abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó wá láti inú ẹṣẹ́ thymus ti ènìyàn, ara ehoro yóò pèsè oríṣiríṣi áńtíbọ́dì láti fi bá sẹ́ẹ̀lì náà jà, wọn yóò wá yọ áńtíbọ́dì wọ̀nyẹn látinú ẹ̀jẹ̀ ehoro, wọn yóò sì fọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá wọ ara ènìyàn, yóò lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì T ní ọ̀pọ̀ ojú, yóò sì pa wọ́n. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí iye wọn tó padà bọ̀ sípò. Mílígíráàmù 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni a sábà máa ń fún, fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ yá, ó kéré tán wákàtí mẹ́fà ni a fi ń fà á sí iṣan ńlá. A máa ń fún ènìyàn ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn ibà àti oògùn tí kì í jẹ́ kí ara yún-ún ṣáájú, nítorí ibà àti gbígbọ̀n wọ́pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ sí àárín 2,000 sí 3,000, ìdajì la máa fún un. Tó bá ti wá sísàlẹ̀ 2,000, a máa rò ó dáadáa bóyá ká dáwọ́ dúró. Ẹ sì rántí sọ fún wọn bí àbúrò yín bá ní nǹkan ara tó lòdì sí ehoro, nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbà á.

Èwo ló lágbára jù? Ti ehoro ni, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí agbára yẹn ń ná ènìyàn. Ní 2006, ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine, wọ́n fi méjèèjì wéra lára ènìyàn 278. Gbogbo wọn ló gba kíndìnrín lára òkú, tí ewu wọn sì pọ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí ara wọn gbógun ti kíndìnrín láàárín ọdún kan jẹ́ 15.6 lọ́dọ̀ àwọn ti ehoro, ó jẹ́ 25.5 lọ́dọ̀ àwọn ti basiliximab. Àkóràn àrùn ló wá yí padà: 85.8 fún ti ehoro, 75.2 fún èkejì. Nígbà tí wọ́n ka iye kíndìnrín tó kú pátápátá àti iye ènìyàn tó kú, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn lọ́dún yẹn.

Àbúrò yín kò sí nípò àwọn yẹn. Ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà láàyè ni kíndìnrín ti ń bọ̀, ìdajì HLA sì bára mu. Ìlànà KDIGO (àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kíndìnrín jáde) ti 2009, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn káàkiri ayé ń tẹ̀ lé, sọ pé irú basiliximab ni kí a kọ́kọ́ lò, kí a fi èyí tó ń pa sẹ́ẹ̀lì pa mọ́ fún àwọn tí ewu ìkọ̀sílẹ̀ wọn ga. Nítorí náà ìbéèrè tí ẹ máa béèrè ni pé báwo ni ewu tirẹ̀ ṣe ga tó. Ẹ̀jẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fà sí i lára ni dókítà ń wò. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń kọ́ ara láti pèsè áńtíbọ́dì sí HLA ẹlòmíràn. Ẹ béèrè iye PRA rẹ̀, ìyẹn iye ènìyàn nínú ọgọ́rùn-ún tí ara rẹ̀ ti ní áńtíbọ́dì lòdì sí HLA wọn, ẹ sì béèrè bóyá ó ní áńtíbọ́dì kankan tó dojú kọ HLA tiyín ní pàtó. Ẹ tún béèrè ipò ẹ̀yin méjèèjì nípa fáírọ́ọ̀sì CMV, èyí tó lè jí nígbà tí oògùn bá ti rẹ ọmọ ogun ara sílẹ̀. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí wọn kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń fúnni.

Ní ti oògùn oníhóró: rárá, kò ní tìtorí áńtíbọ́dì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Basiliximab kì í kọjá bí oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀ lára. Lẹ́yìn ìyẹn, tacrolimus àti mycophenolate ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

---

Ọdún_Kẹsàn-án

Ẹ̀gbọ́n wa, èmi náà gba tara ehoro yẹn, ọdún kẹsàn-án rèé. Oyún mẹ́ta ni mo ti ní kí kíndìnrín mi tó kú, oyún sì máa ń kọ́ ara bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni ṣe ń kọ́ ọ. PRA mi ga, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

N kò ní purọ́ fún yín. Ní wákàtí kejì ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ̀n débi pé bẹ́ẹ̀dì ń ró. Nọ́ọ̀sì dín bí omi náà ṣe ń sáré kù, ó fi aṣọ ìbora mẹ́ta bò mí, ó sì di ọwọ́ mi mú títí ó fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹta sẹ́ẹ̀lì funfun mi já sí 2,400, wọ́n fún mi ní ìdajì. Mo yè é.

Ibi tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ kíndìnrín náà nù kò sí nínú abẹ́rẹ́. Aránṣọ ni mí. Tacrolimus máa ń mú kí ọwọ́ mi gbọ̀n, òwú kì í fẹ́ wọ ojú abẹ́rẹ́ ìránṣọ mọ́. Ní oṣù keje, mo gba iṣẹ́ kan tó ní iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ lára, mo sì pinnu láti fo oògùn alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin kí ọwọ́ mi lè dúró. Mo parí aṣọ náà, ó sì dára. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo lọ ṣe àyẹ̀wò, creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń fọ̀ dànù, tó máa ń ga tí kíndìnrín bá ń rẹ̀) tó ti ń dúró lórí 1.2 ti di 2.7. Mi ò ní ìrora kankan. Ìtọ̀ mi ń jáde bó ṣe yẹ. Ká ní wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá má mọ nǹkan kan. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gba ẹran tín-ín-rín lára kíndìnrín náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ìkọ̀sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún mi ní sítẹ́rọ́ọ̀dù líle fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dúró lórí 1.7. Kò padà sí 1.2 mọ́ títí di òní.

Nígbà tí mo wá jẹ́wọ́ ìdí tí mo fi fò ó, dókítà yí mi sí tacrolimus tó máa ń tú díẹ̀díẹ̀, tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ọwọ́ mi rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mi ò sọ ọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ sọ fún àbúrò wa tó ń mi orí yẹn pé kó má ṣe bíi tèmi. Ohunkóhun tí oògùn náà bá ṣe sí i, kó sọ ọ́.

---

Bàbá_Ọmọbìnrin_Kan

Ẹ má bínú, èrò mi yàtọ̀. Ọmọ mi gba èyí tí ẹ ń pè ní aláìpani, lọ́sẹ̀ kejì ni ara rẹ̀ gbógun ti kíndìnrín. Ká ní mo mọ̀ nígbà náà ohun tí mo mọ̀ lónìí, mi ò bá jókòó síwájú wọn kí n sọ pé èyí tó lágbára jù lọ ni mo fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni dókítà ń lọ sílé lálẹ́, ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀. Ẹ takú, ọmọ mi obìnrin.

---

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Bàbá, ẹ kú ìrora ọmọ. Ohun tí ẹ rí dunni, mi ò sì ní jiyàn lórí rẹ̀. Ìkọ̀sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì lè ṣẹlẹ̀ lórí oògùn méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ni pé èyí tó lágbára jù ti wà rí. OKT3 ni wọ́n ń pè é, ọdún 1986 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, òun sì ni áńtíbọ́dì ẹlẹ́yọ-kan (tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ irú kan ṣoṣo) tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ènìyàn ní gbogbo ayé. Ti eku ni látòkè délẹ̀. Ó ń dá ìkọ̀sílẹ̀ dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀: ibà tó ga, omi tó ń kún ẹ̀dọ̀fóró. Ara ènìyàn sì máa ń pèsè áńtíbọ́dì sí eku náà, tí oògùn ò fi ní ṣiṣẹ́ dáadáa tí a bá tún fẹ́ lò ó. Ní 2010 wọ́n dẹ́kun ṣíṣe é. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí basiliximab, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1998, fi jẹ́ pé apá tó ń di CD25 mú nìkan ló jẹ́ ti eku lára rẹ̀, ìyókù jẹ́ ti ènìyàn.

Mo ti tọ́jú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gba oògùn líle tí ewu rẹ̀ kò béèrè fún un. Ara rẹ̀ kò kọ kíndìnrín náà. Fáírọ́ọ̀sì BK ló wọ inú kíndìnrín náà nígbà tí kò sí ẹni tó máa lé e, a sì ní láti dín gbogbo oògùn rẹ̀ kù kí ara rẹ̀ lè jà. Ẹ̀rù méjèèjì ló jẹ́ òótọ́, bàbá.

---

Omi_Oṣooṣù

Mo rí i pé ẹ béèrè nípa omi ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Èmi ń gbà á. Belatacept ni orúkọ rẹ̀, 2011 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Kì í ṣe áńtíbọ́dì gan-an, ìrù áńtíbọ́dì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ èròjà kan tí ara wa máa ń fi dá sẹ́ẹ̀lì T dúró. Sẹ́ẹ̀lì T nílò àmì méjì kó tó dìde, èyí ń dí àmì kejì.

Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ni mo fi ń jókòó níbẹ̀. Ọwọ́ ò gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ríru mi sì dínkù sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi wé cyclosporine, oògùn àtijọ́ tó jọ tacrolimus, fún ọdún méje, wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2016: àwọn tó kú tàbí tí kíndìnrín wọn kú jẹ́ bí 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ belatacept, bí 22 lọ́dọ̀ cyclosporine. Ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ belatacept ju ti cyclosporine lọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ sì tún wo pé cyclosporine ni wọ́n fi wé, kì í ṣe tacrolimus.

Ẹni tí kò tíì ní fáírọ́ọ̀sì EBV rí kò gbọdọ̀ gbà á láéláé, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó lè bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ. Wọ́n yẹ tèmi wò lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì ń lo mycophenolate àti sítẹ́rọ́ọ̀dù díẹ̀ lójoojúmọ́ náà, nítorí náà ẹni tó sọ fún yín pé oníhóró ti tán kò sọ ọ́ tán.

---

Ẹ̀gbọ́n_Olùfúnni

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. A ti dé láti ìpàdé náà. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún àbúrò mi nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń lọ, kò sọ nǹkan kan.

PRA rẹ̀ jẹ́ 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí áńtíbọ́dì kankan tó dojú kọ tèmi. Basiliximab ni wọ́n yàn, wọ́n sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láìkánjú. Bàbá, mo béèrè ohun tí ẹ ní kí n béèrè, pé ṣé a kò lè gba èyí tó lágbára jù. Dókítà ní ó wà nílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù, pé tí kíndìnrín bá fi àmì ìkọ̀sílẹ̀ hàn tí sítẹ́rọ́ọ̀dù ò sì ràn án, òun ni wọn yóò lò. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé kò sí ilẹ̀kùn kankan tí wọ́n tì.

Ọ̀rọ̀ CMV yẹn, Mà, Ọlọ́run ló ní kí ẹ sọ ọ́. Èmi ní in lára, òun kò ní in rí. Kíndìnrín mi ló máa gbé e lọ bá a. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò lè pa á mọ́ra. Dókítà ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in tí wọn ò mọ̀, pé valganciclovir ni àbúrò mi máa lò fún 200 ọjọ́ kó má baà jí.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti lanu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dókítà, tí mo bá gbàgbé tacrolimus, wákàtí mélòó ni ó ti pẹ́ jù?" Ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní kó lò ó bó bá ṣe rántí, àfi tí àkókò èyí tó kàn bá ti sún mọ́, kó má sì lo méjì pọ̀ láé, kó pe wọ́n tó bá dààmú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ nípa aránṣọ inú íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní òun máa sọ fún wọn tí ọwọ́ òun bá gbọ̀n.

Nígbà tí a délé, ó fi aago sí agogo mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́ lórí fóònù rẹ̀, ó tún gba tèmi, ó fi sí i pẹ̀lú. Mo ní oògùn ò tíì sí nílẹ̀. Ó ní òun ń dán an wò ni. Ó ti dún báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì gbọ́ tirẹ̀ náà nínú yàrá kejì.